Bàtà Ọkọ Mi Lẹ́sẹ̀ Àbúrò Rẹ̀

Wọ́n sin ín ní Ẹ̀fọ̀n ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Pósí ni wọ́n gbé e sí, pósí tó ń dán gbinrin. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn èrò, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé òun fúnra rẹ̀ ìbá kan èyí tó dára ju èyí lọ. Káfíńtà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pín omi inú ọ̀rá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ìyá. Ará ìjọ ni yín ni, àbí ẹbí bàbá?" Mo ní láti Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo ti wá. Ó rò pé mo ti dá a lóhùn. Ó fún mi lómi, ó kọjá lọ.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé wálé. Bí mi ò bá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tó kù tó lè sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ.

Mo rántí orúkọ gbogbo wọn: èyí tí wọ́n ń jẹ́ nílé, èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní mọ́sálásí, títí kan oríkì tí ìyá wọn fi ń jí wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, mi ò sì rò pé ikú wọn fún mi láyè láti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nígbà ayé wọn ni màá pè wọ́n níhìn-ín.

Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn òkè tó yí ìlú náà ká. Mo lọ sílé ìwé títí dé ìwé kẹta, mo sì ń lọ sílé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n so yìgì èmi àti ọkùnrin kan ní Arámọkọ, tó ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ tó ti kú jẹ́ Mùsùlùmí, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í fi ìsìn Sọ́ńdè kan ṣeré. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń kírun bíi bàbá wọn. Bí Kérésìmesì bá dé, wọ́n á wọ aṣọ tuntun, wọ́n á jókòó ti ìyá wọn, wọ́n á jẹ ìrẹsì. Kò sí ẹni tó rí i bí ọ̀rọ̀ nílé yẹn.

Àbúrò yẹn ni wọ́n sin ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀fọ̀n ló ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti inú kùrukùru orí òkè wá sí Arámọkọ láti wá kí ìyá rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni òun náà jẹ́ fún mi. "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é. Òun ń pè mí ní ìyàwó. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó, ọbẹ̀ rẹ yìí, ṣé kí n mu ún ni, àbí kí n fi bọ́jú?"

"Ẹ fi bọ́jú, ọkọ mi kékeré. Ìyẹ̀fun pákó tó wà lójú yín ń fẹ́ omi."

Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jà lórí omi o. Omi ò lọ́tàá."

Òótọ́ ni, ọbẹ̀ mi máa ń lómi. Mi ò mọ̀ ọ́n sè kó ki títí di òní.

Yàrá wa ní fèrèsé kan tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí igi máńgòrò kan wà. Ọkọ mi kékeré ló kan ilẹ̀kùn fèrèsé náà fún wa, pákó méjì tó ń pàdé láàárín. Bí a bá ń ṣí i, á máa han bí ọmọ adìyẹ. Ó ń ṣèlérí pé òun máa tún un ṣe. Kò tíì tún un ṣe títí ara ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ibà pọ́njú ló kọlù ú. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ tí kò lè dúró mọ́, àbúrò rẹ̀ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ó ní kí n wá nǹkan tí òun lè fi dè é mọ́ra. Mo wọlé, mo mú ọ̀já tí mo ti rà pamọ́ fún ọmọ tí kò tíì dé, ó sì fi ọ̀já yẹn pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀já yẹn pọ̀n nìyẹn. Ó gbé e dé ibẹ̀, ó gbé e padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ mi kú ní òwúrọ̀. A ti sin ín kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, nínú aṣọ funfun, láìsí pósí.

Mo ti wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta, mi ò sì bímọ.

Àwọn àgbàlagbà méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mi láti ọjọ́ náà. Ọ̀kan ni Ààfáà tó so yìgì wa. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ nítorí oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ dẹ pàkúté ní kékeré. Ẹ̀sìn ya ọ̀nà wọn, kò ya ìjókòó wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ẹrù ọkọ mi, Ààfáà ní ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ tèmi nítorí pé mi ò bímọ. Bàbá Ìjọ ní nínú ìwé Mósè, òun kò rí ibi tí opó ti ń jogún ọkọ rẹ̀; arákùnrin òkú ló ń kó gbogbo rẹ̀. Ààfáà ní, "Ṣé Júù ló kú ni?" Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Wọ́n fún mi ní tèmi. Bàtà dúdú tí ọkọ mi rà ní Iléṣà, tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún, bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Èmi wọ yàrá lọ ṣe opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni òfin wa fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò ní tọ́ tìróò, kò ní lé làálì, kò ní fi òórùn dídùn para, kò sì ní jáde àfi bó bá pọn dandan. Ìyá ọkọ mi ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé abọ́ lọ. Bó bá di alẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wò mí, á ní, "Ọmọ mi, ulé rẹ nìyí o. Ulé rẹ nìyí." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Èkìtì tiwa nìyẹn. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣé, ìyá. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé bí àkókò opó mi bá pé, tí mi ò sì ní ọmọ, tí mi ò ní ọkọ, kò sí ohun tó so mí mọ́ ilé náà mọ́. Màá padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, sínú yàrá tí mo ti kúrò. Àfi bí àbúrò ọkọ mi bá fẹ́ mi.

Mo fẹ́ kó fẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnu mi ti wúwo láti sọ ọ́. Kì í ṣe nítorí ilé náà nìkan.

Ní ọ̀sán, Ààfáà àti Bàbá Ìjọ máa ń wá jókòó lábẹ́ máńgòrò, nítorí wọn kò fẹ́ kí ilé ṣófo. Èmi wà nínú yàrá, fèrèsé ṣí díẹ̀, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá Ìjọ ń gbé Bíbélì rẹ̀ wá, Ààfáà kì í gbé nǹkan kan wá, orí ni tirẹ̀ wà. Eré tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi òfin àwọn Júù wé òfin àwa Mùsùlùmí, bí ẹni tó ń mú ọmọ méjì dúró kó lè mọ èyí tó ga.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?" Bàbá Ìjọ á bèèrè.

"Èèwọ̀ ni."

"Mósè náà ní èèwọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"A ń dà á sílẹ̀. A kì í jẹ ẹ́."

"Bákan náà ni! Ràkúnmí ńkọ́?"

"Èyí a lè jẹ."

"Háà! Mósè kọ̀ ọ́ o. Júù kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló rí ràkúnmí rà ní Arámọkọ tí o fi ń pariwo? Èmi náà fẹ́ bi ọ́. Ẹja tí kò ní ìpẹ́ ńkọ́?"

"Mósè kọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ìpẹ́."

"Kí ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ lánàá tí mo yà kí ọ?"

Bàbá Ìjọ ṣí ewé Bíbélì rẹ̀. "Àrọ̀ ni."

"Àrọ̀ ti wá ní ìpẹ́ báyìí?"

"Ṣé Júù ni mí ni? Abẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ni èmi wà."

"Oore-ọ̀fẹ́ tó ń jẹ àrọ̀!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, mo fi ìborùn bò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú nìyẹn. Mo yíjú sí orí bẹ́ẹ̀dì kí n sọ ọ́ fún un. Mo rí ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá Ìjọ ló rọra sọ̀rọ̀, bíi pé mi ò ní gbọ́.

"Ọmọ inú yàrá yìí, kí ni Kùránì sọ nípa irú rẹ̀?"

Ààfáà ní, "Bí àkókò rẹ̀ bá ti pé, òun ló ni ara rẹ̀. A kì í jogún obìnrin bí ẹni jogún ewúrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó bi í léèrè. Bó bá gbà, kó san ṣàdáákì, kí a so yìgì tuntun."

"Bó bá jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Àbúrò ọkọ náà, kó bi í. Ẹnu obìnrin ni ọ̀rọ̀ wà."

"Ti Mósè yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Júù, bí ọkùnrin bá kú láì bímọ, ọ̀ràn-an-yàn ni kí arákùnrin rẹ̀ fẹ́ opó rẹ̀. Àkọ́bí tó bá bí, orúkọ òkú ni yóò dúró fún, kó má baà parẹ́."

"Bí òkú bá ti bímọ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó di èèwọ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ó ga o. Ibi tí tiyín ti ń béèrè ọmọ, tiwa ń béèrè ẹnu obìnrin."

"Àti tiwa níhìn-ín, ti ayé àwọn bàbá wa," Bàbá Ìjọ ní, "ǹjẹ́ wọ́n ń bi opó léèrè kí wọ́n tó ṣú u?"

Ààfáà mi orí. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sórí ẹní, mo ń rò ó. Òfin Mósè ní kó fẹ́ mi. Òfin wa ní kó bi mí. Ọ̀nà méjèèjì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ kù sí ẹnu rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Kò sọ nǹkan kan ni mo wí. Ó ṣì ń wá ní gbogbo Sátidé. Mo máa ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó dúró. Á gbé iṣu sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ní, "Ìyàwó, kú ìrọ́jú." Èmi á ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi kékeré." Ó parí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Kò bèèrè ọbẹ̀. Nígbà kan mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan nǹkan jẹ́jẹ́ lára fèrèsé láti ìta, mo sì mọ̀ pé òun ni. Ó fi epo sí i, ó tún ìṣó rẹ̀ ṣe, ó lọ. Kò wo inú yàrá. Láti ọjọ́ náà fèrèsé yẹn kò han bí ọmọ adìyẹ mọ́. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Mo rò pé ó ń tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe kí n tó kúrò níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ọ, á bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sán kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò mi pé, Ààfáà dìde lọ pe ìrun Àsárì. Bàbá Ìjọ kù sí abẹ́ máńgòrò pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Àwọn àgbà ìgbà náà kò mọ ìwé kà láìlanu. Bó ti ń kà á ló ń pariwo rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ibi tó kà ni pé bí arákùnrin òkú kò bá fẹ́ opó náà, kí opó lọ bá a níwájú àwọn àgbà, kó bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó tutọ́ sí i lójú, kí wọ́n sì máa pe ilé ọkùnrin náà ní ilé ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀. Bàbá Ìjọ kà á tán, ó ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ó pa ìwé dé, ó sùn lọ lórí àga.

Èmi kò sùn. Mo ní irú òfin tí mo ń wá nìyí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí lé e lọ́wọ́ bí ẹrù òkú, kó máa fi àánú bọ́ mi. Bí kò bá fẹ́ mi, kí n fúnra mi tú u sílẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà fi ẹkún fà á. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ èyí. Mo ní bí mo bá fọwọ́ kan bàtà yẹn, bó bá fẹ́ mi, á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Àkókò mi pé. Ìyá ọkọ mi gbé ọṣẹ àti kànrìnkàn fún mi, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí kì í ṣe ti opó. Nígbà tí mo jáde, oòrùn gún mi lójú. Wọ́n ti jókòó sábẹ́ máńgòrò: Ààfáà, Bàbá Ìjọ, ìyá ọkọ mi. Àbúrò ọkọ mi jókòó sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wọ aṣọ funfun. Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fi pọ́líìṣì kùn ún, ó ń dán.

Ààfáà ṣàdúrà. Ó wá ní, "Ọmọ mi, àkókò rẹ ti pé. O ti ṣe é bó ṣe yẹ, kí Ọlọ́run gbà á. Láti òní lọ, ìwọ lo ni ara rẹ." Ó yíjú sí àbúrò ọkọ mi. "Ìwọ ńkọ́? O ní ọ̀rọ̀ kan?"

Ó wú ikọ́. Ó wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún. Èèrà kan ń gun ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, mo ń wò ó títí ó fi gun òkè. Kò tíì sọ̀rọ̀.

Mi ò lè dúró gbọ́ kó ní rárá. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, mo sì tú okùn rẹ̀. Mo rọra ń tú u kó lè ráyè. Mo ní lọ́kàn mi, fà á padà. Ọkọ mi kékeré, ẹ fa ẹsẹ̀ yín padà.

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè rọrùn fún mi láti bọ́ ọ.

Bàtà náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná. Wọ́n ní kí opó tutọ́. Itọ́ kò sí lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè wò ó, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kejì fúnra rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "O ṣé, ìyàwó." Ó rìn lọ síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìwọ bàtà. A gbọ́ kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi dé títì.

Ìyá ọkọ mi figbe bọnu. Ààfáà ń wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí. Bàbá Ìjọ kó Bíbélì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó dìde. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí pẹ̀lú ẹrù mi àti ọ̀já yẹn.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó tún rí Ààfáà. Ó wá so yìgì kan ní ìlú wa, ó sì yà sọ́dọ̀ bàbá mi kí wa. Nígbà tó ku èmi àti ẹ̀, ó ní, "Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tí o fi bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn níwájú wa?"

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá Ìjọ fún un. Mo ní òfin Mósè ni, pé bí arákùnrin òkú kò bá fẹ́ opó, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló sọ fún ọ pé kò fẹ́?"

Mo ní kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ní kó má bá ọ sọ̀rọ̀," Ààfáà ní. "Lẹ́yìn àdúà ogójì ọkọ rẹ ló wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọ, ṣé kí òun sọ fún ọ. Mo ní rárá, èèwọ̀ ni, a kì í fi ìgbéyàwó lọ obìnrin tó wà nínú opó. Bó bá fẹ́, kó sọ ọ́ ní ẹ̀bá, kó má là á mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ẹ̀bá. Mo ní kó yáa dákẹ́ títí àkókò rẹ yóò fi pé. Ọjọ́ yẹn ló fẹ́ sọ ọ́."

Mo ní, "Ó dákẹ́ nígbà tí ẹ bi í."

"Ojú ló ń tì í. Ọmọ mi, o kò fún un ní àsìkò tí èèyàn fi ń gbé itọ́ mì."

Ààfáà kò sí lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ tí Bàbá Ìjọ ka ọ̀rọ̀ bàtà. Ìrun ló lọ kí. Bàbá Ìjọ kò mọ̀ pé ọmọ náà ti wá bá Ààfáà. Ẹni tí mo bọ́ bàtà rẹ̀ kò gbọ́ òfin Mósè rí. Ẹ̀fọ̀n ló wà. Ohun tó rí ni pé mo bọ́ bàtà ọkọ mi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé kò tó o wọ̀.

Mo bi Ààfáà pé ibo ló wà báyìí. Ó ní ó ti fẹ́ ọmọ ìjọ CAC kan ní Ẹ̀fọ̀n, ó ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì ti fi òrùka so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó kù láti sọ. Obìnrin wa kì í fẹ́ onígbàgbọ́, onígbàgbọ́ kì í fẹ́ ìyàwó méjì. Ilẹ̀kùn tì lápá tèmi, ó tì lápá tirẹ̀. Lẹ́yìn tí Ààfáà lọ, mo jókòó ro ti iṣu tó ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn yẹn, àti ti fèrèsé.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Ayétòrò fẹ́ mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ṣe dáadáa sí mi. Mo bí ọmọbìnrin kan fún un, ó wà ní Èkó, ó ń pè mí lórí fóònù. Nígbà tí bàbá náà kú, mo ṣe opó tirẹ̀ náà pé, mo sì padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí.

Mo rí ọkọ mi kékeré lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wá kan òrùlé ilé kan nítòsí wa, irun rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi tí mo ń kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí àkàbà. A kí ara wa. Ó bèèrè ọmọ, mo bèèrè ọmọ. Ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lọ́wọ́. Ó wá ní, "Ìyàwó, ọbẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ki?"

Mo ní, "Ẹ ṣì lè fi bọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà mú. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún un. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí òrùlé, wọ́n ń wò wá. Mo ní kó kú iṣẹ́ o, mo sì lọ.

Obìnrin kan tó ń kó ata wá láti Ẹ̀fọ̀n ló sọ fún mi lọ́jà pé ó ti kú. Kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo kó ọjà mi, mo wálé, mo jókòó sórí ẹní. Nínú òfin wa, obìnrin kò gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ rẹ̀. Bàbá Ìjọ sọ fún Ààfáà nígbà kan pé ọjọ́ méje ni àwọn Júù ń jókòó sílẹ̀, fún òbí, fún ọmọ, fún ọmọ ìyá, fún ọkọ tàbí aya. Mo wá ara mi nínú wọn, mi ò rí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní. Mo jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta náà láìjáde, ọmọ mi pè, mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ọjọ́ mi pé, òun ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó ara wọn jọ láti òkèèrè, wọ́n ń kun ilé. Nínú òfin Mósè, nínú òfin wa, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Èyí ni ohun tí Ààfáà àti Bàbá Ìjọ kò jà lé lórí rí. Ọ̀fọ̀ mi ti parí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e wọ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ erùpẹ̀ sí pósí náà, mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́, mi ò sunkún. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, àwọn ọmọ yí i ká. Ó sunkún dáadáa. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i.

Mo dé ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ebi ń pa mí, ó yà mí lẹ́nu. Mo dáná, mo gbé ìkòkò kaná, mo bu omi sí i, mo da ata sí i, mo fi irú sí i. Ó hó. Mo ṣí ìdérí wò ó. Omi ti pọ̀ jù.

Mo bu ú sínú abọ́, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.